Ìwé Ìsàmì Bàhíà àti Orúkọ Ìlú Tí Kò Sí Nínú Rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà ní Àjàṣẹ́, orúkọ Potogí ni àwọn ọmọ ń jẹ́, bíi d'Almeida tàbí da Silva, ṣùgbọ́n oríkì tí àwọn ìyá àgbà fi ń kí wọn láàárọ̀ kì í ṣe ti Potogí. Obìnrin kan láti irú ilé bẹ́ẹ̀ ń wá baba ńlá rẹ̀ tí ó ti Bàhíà padà dé. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, ó sì fẹ́ mọ ìlú tí a ti kó baba náà lẹ́rú kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ọdún 1889 ni ìjọba Brazil ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí forúkọ ọmọ tuntun, ìgbéyàwó àti òkú sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ Ìjọ Àgùdà ni ìwé wà. Òfin tí àwọn àlùfáà Bàhíà ṣe ní 1707 pa á láṣẹ pé kí a máa sàmì fún ẹrú, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ní ojúlé FamilySearch, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tí ó ń wá baba rẹ̀ nínú wọn ní láti kọ́kọ́ wá ẹni tí ó ra baba náà. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, àlùfáà a kọ ọjọ́, orúkọ tuntun, orúkọ olówó rẹ̀ àti ti baba ìsàmì. A sì fi "nagô" kún un, èyí tí wọ́n fi ń pe gbogbo Yorùbá. Kò ní kọ bàbá tàbí ìyá, kò sì ní kọ ìlú. Nígbà tí òmìnira bá dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn a mú orúkọ ìdílé olówó.

Lẹ́yìn ìwé ìsàmì, ó ku ìwé òmìnira àti ìwé ìrìnnà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bàhíà ní oṣù kìíní 1835, ọ̀pọ̀ ẹni òmìnira padà sí Agoué, Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Pierre Verger, tí ó di babaláwo ní Kétu ní 1953 tí a sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, wá inú àkójọ ìwé Bàhíà fún iṣẹ́ ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní 1968.

Obìnrin náà rí ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀, olówó rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ bá ìtàn ilé mu. "Nagô" nìkan ni ìwé sọ. Nígbà tí ó kà á fún ìyá rẹ̀, Màmá dákẹ́ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì ilé láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ọmọ Alákétu" wà nínú rẹ̀, bí ó ti wà láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní kékeré, tí kò kà á sí.

Kí ọmọ Àgùdà tó ṣí ìwé Bàhíà, kí ó kọ́kọ́ kọ oríkì àwọn àgbà ilé rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ó kì í. Ìwé yóò dúró dè é, ṣùgbọ́n àgbà kò ní dúró.