Ìjánu Alùpùpù

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de iṣẹ́ ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kóṣọ́fẹ́ àti ní mẹ́ta mìíràn. Alùpùpù tiwa ti darúgbó nígbà náà. A sì fi í ránṣẹ́ sí àbúrò wa tí ń dáko ní Ìbàràpá. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó ránṣẹ́ sí wa pé bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ kò mú dáadáa mọ́, àti pé nígbà mìíràn, bí ó bá mú, kì í fẹ́ tú. Ọ̀rọ̀ náà bà wá lẹ́rù, nítorí ojú wa ti rí irú rẹ̀ rí.

Ní àkókò òjò ọdún 2019, nígbà tí a ń gbé ní Ìkòsí, bíréèkì yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ohun tí àwa ṣe ni pé a mú sípánà, a fún nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí ó bá tún rọ̀, a ó tún fún un. Nígbà tí ó yá, ẹsẹ̀ alùpùpù náà ń gbóná, ó sì ń wọ́ bí ẹni pé a di ẹrù mọ́ ọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìyàwó wa bi wá léèrè pé, “Ṣé ẹ ti tún bíréèkì yẹn ṣe?” A ní, “A ti tún un ṣe.” Ó gun ẹ̀yìn wa, a sì kọrí sí ọjà Mile 12.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà náà mọ bí omi ti máa ń dúró lójú ọ̀nà ibẹ̀ nígbà òjò. A la omi kọjá. Bí a ti jáde níbẹ̀ ni obìnrin kan tí ó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì bọ́ sójú ọ̀nà. A tẹ bíréèkì, kò mú. A yà bàrá, apẹ̀rẹ̀ náà dànù, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara pa. A san owó tòmátì náà. Obìnrin náà gbà á, ó wò wá, ó ní, “Bàbá, ìyàwó yín lẹ gbé sẹ́yìn yẹn o, kì í ṣe ẹrù.”

Ní ọjọ́ náà gan-an ni mẹkáníìkì àgbà kan ní Kétu bá wa tú ẹsẹ̀ náà. Agolo irin kan wà nínú rẹ̀ bí ìlù, tí ń yí pẹ̀lú táyà. Inú agolo yìí ni irin méjì tí ó tẹ̀ bí oṣù tuntun wà, tí wọ́n ń pè ní ṣúù. Bí a bá tẹ bíréèkì, irin kékeré kan a yí, a ti ṣúù méjèèjì mọ́ agolo. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, sípíríìngì a fà wọ́n padà. Irin kékeré tiwa ti gbẹ, ó ti dípẹtà, kò sì fẹ́ padà sí àyè rẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀tì tí a ń fún sì ti fa ṣúù mọ́ agolo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ha ara wọn nígbà gbogbo. Ooru ti sọ ojú wọn di dídán bí àwo, ohun tí ó sì dán bẹ́ẹ̀ kì í di irin mú. Níbi tí a ti ń bo àìsàn kìíní mọ́lẹ̀ ni a ti fi ọwọ́ ara wa dá èkejì sílẹ̀.

Mẹkáníìkì náà fi àkísà tútù nu eruku rẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí eruku ṣúù àtijọ́ mìíràn a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ó ha ìpẹtà kúrò, ó fi gíríísì díẹ̀ pa irin kékeré náà, kò sì jẹ́ kí ó kan ibi tí ṣúù ti ń mú. Ṣúù tí ó bá mu gíríísì, pípààrọ̀ ni. Tiwa ti jẹ tán, a sì ra tuntun. Lẹ́yìn náà ó fún nọ́ọ̀tì níwọ̀n, tí ìtẹ̀sẹ̀ bíréèkì fi ń lọ sílẹ̀ bí íńṣì kan kí ó tó mú. Ó gbé táyà sókè, ó yí i, ó sì yí láìhá.

Èyí ni a kọ sí àbúrò wa. A fi kún un pé bí nọ́ọ̀tì bá ti fẹ́rẹ̀ dé òpin ibi tí ó lè fún dé, ṣúù ti tán nìyẹn. Àti pé bí ó bá la omi kọjá, kí ó máa rọra lọ, kí ó máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ tòmátì náà a jẹ́wọ́ fún ìyàwó wa pé a kò tún nǹkan kan ṣe rárá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Bí ẹ bá ti sọ fún mi ni, ǹ bá fẹsẹ̀ rìn.”

Jákọ́bù Mímọ́ kọ̀wé nípa ìjánu tí a ń fi sí ẹnu ẹṣin, ó sì ti ibẹ̀ sọ̀rọ̀ dé orí ahọ́n. Ìjánu méjì ni kò mú fún wa ní ọjọ́ Sátidé náà. Èyí tí ó wà lára alùpùpù, ọ̀sán kan péré ni a fi tún un ṣe ní Kétu. Èyí tí ó wà lẹ́nu wa ni a ṣì ń bẹ Olúwa pé kí ó máa bá wa tún ṣe lójoojúmọ́.