Orin Tó Ń Wá Elégbè

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní Ìlọ́fà, lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ọmọọmọ rẹ̀ obìnrin sì jókòó tì í pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Olùkọ́ ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Òsí, ó ti ṣiṣẹ́ ní Ọmù-Àrán, kó tó padà wálé. Fíìmù Ayé, tí Hubert Ògúndé ṣe, ni ọmọ náà wá jáde fún un. Àwòrán rẹ̀ ti ṣá, ohùn rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Síbẹ̀, bí orin ti bẹ̀rẹ̀, ìyá pàtẹ́wọ́, ó sì gbè é.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, wọn ò lè gbọ́ yín o."

Ìyá kò dá a lóhùn títí orin fi tán. Nígbà náà ló wí pé, "Èmi ń gbọ́ wọn. Ẹni tó bá gbọ́ orin tí kò gbè é, ó jẹ akọrin ní gbèsè."

Kì í ṣe ojú sinimá ni Ayé ti bẹ̀rẹ̀. Orí ìtàgé ni Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ́sà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ti kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní 1972, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣe eré olórin kiri. Ní 1979 ni ó di fíìmù, tí Ọlá Balógun sì darí rẹ̀. Ìtàn Ọ̀ṣẹ́túrá ni, babaláwo tó dìde láti gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ àwọn àjẹ́ tó ń dà wọ́n láàmú. Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá.

Ìyá àgbà yìí wà lára àwọn tó rí i lọ́nà méjèèjì. Nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlọrin ló ti wo ti orí ìtàgé. Ó ṣì ń rántí orin ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn òṣèré fi ń kí àwùjọ kí eré tó ṣí. Ó ń rántí bí onílù ti ń wojú àwọn ènìyàn kó tó yí ọwọ́ padà. Bí orin kan bá dùn mọ́ wọn, wọn a kígbe pé kí wọ́n tún un kọ, àwọn òṣèré a sì tún un kọ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n gbé fíìmù rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ọmù-Àrán. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, jẹnẹrétọ̀ ń dún níta, àwọn ènìyàn kún ibẹ̀ dé ojú fèrèsé. Igbó tó jẹ́ aṣọ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà lórí ìtàgé wá di igbó gidi. Ohun tí òṣèré kàn lè fi ẹnu sọ lórí ìtàgé, kámẹ́rà fi í han ojú, àwọn ọmọdé sì fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá wọn. Àwùjọ gbe orin náà bí ẹni pé Ògúndé wà níwájú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kígbe pé kó tún un kọ, fíìmù kò dúró. Ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ náà nìyẹn, kì í sì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ló ti rí i. The Sound of Music bẹ̀rẹ̀ lórí ìtàgé Broadway ní New York ní 1959. Ní 1965 ó di fíìmù tí Robert Wise darí, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar márùn-ún. Àwọn òkè ilẹ̀ Austria tí kò lè wọ inú ilé ìtàgé kankan gba gbogbo ojú sinimá. Èrò tí ìtàgé kò lè gbà láéláé rí i, títí kan àwọn ọmọ ilé ìwé ní Nàìjíríà tí wọ́n kọ́ àwọn orin rẹ̀ sórí. Ohun tí fíìmù fi tọrẹ ni pé ó rìn jìnnà, ó sì pẹ́ láyé. Ohun tó gbà lọ ni pé kò lè gbọ́ ẹni tó ń wò ó.

Ará Òsí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un. Ìlú agbẹ́gilére ni Òsí. Níbẹ̀ ni Aréògún, tó kú ní 1954, ti gbẹ́ ilẹ̀kùn àti agbárí Ẹpa tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun. Bándélé ọmọ rẹ̀ ló sì kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ẹpa kì í ṣe ohun tí a ń gbé sójú kan. Ọkùnrin alágbára ló ń gbé igi wíwúwo náà lórí, tí ó ń jó, tí ó ń fò gun òkìtì ilẹ̀, tí ìlù ń pè é, tí gbogbo ìlú ń fi orin gbè é nídìí. Lónìí, ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ wà nínú àpótí gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sì sí òkìtì. Síbẹ̀, òtítọ́ ni pé ikán kò lè dé ibẹ̀.

Fíìmù ní ikán tirẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin a máa ba fíìmù àtijọ́ jẹ́ títí yóò fi máa rùn bí ọtí kíkan. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù Yorùbá ìgbà náà, ẹ̀dà wọn kò sì pọ̀. Àwọn òṣèré fúnra wọn ló ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love ọmọ Àgbàmú, tó jẹ́ aládùúgbò Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, ṣe títí ó fi kú ní 1996. Nígbà tí owó náírà wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kọjá agbára wọn, fídíò sì gbapò. Ohun tó sọnù kì í fi gbogbo ìgbà sọnù pátápátá: Shaihu Umar, fíìmù èdè Haúsá ti 1976, ni wọ́n rí ní Jos ní 2016, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Àwọn tó wá a ló rí i.

Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n tilẹ̀ tún Ayé ṣe títí tó fi mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì kejì wà lẹ́nu àwọn tó mọ ibi tí a ti ń gbe orin náà, wọ́n sì ń dínkù lọ́dọọdún. Kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó lè fi ègbè sínú gíláàsì. Ẹnu ẹlòmíràn nìkan ni a lè fi í pamọ́ sí.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní Ìlọ́fà, ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó sì dá fíìmù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin. Ó gbìyànjú láti gbè é. Ó yá jù, ó sì ṣi ohùn ọ̀rọ̀ kan. Ìyá mú un lọ́wọ́, ó fi àtẹ́wọ́ han ibi tí ègbè ti ń wọlé, ó ní, "Dúró dè é. Tún un kọ."