Òkòtó Inú Àlùmíníọ́mù

Ní àkókò ọyẹ́ kan ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí pé, “Ọ̀gá, báwo ni a ṣe lè fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí òtútù ń ṣe fún iná mànàmáná?” Mo ní èdè wa kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà dákẹ́. Ojú tì mí.

Lóru, mo gbìyànjú rẹ̀. Lọ́dún 1911, ní Leiden, Kamerlingh Onnes rí i pé bí mẹ́kúrì bá tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n -269 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́ rárá. Lọ́dún 1957, ní Illinois, Hebel àti Slichter yẹ àlùmíníọ́mù tí a fi ń ṣe ìkòkò wò ní nǹkan bí -272. Kóró inú átọ́ọ̀mù rẹ̀ ń yí bí òkòtó, ó sì ní òòfà tirẹ̀. Wọ́n fi òòfà ńlá tò wọ́n, wọ́n pa òòfà náà, wọ́n sì fi ìgbì rédíò wọn bí ètò náà ti yára tú tó. Bí ìdíwọ́ ti pòórá, ó kọ́kọ́ yára tú; bí òtútù ti ń pọ̀ sí i, ó ń lọ́ra. Èyí bá àbá Bardeen, Cooper àti Schrieffer mu, pé ṣe ni ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ń so pọ̀ ní méjì-méjì.

Yorùbá gbà á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà: àìwádìí olùkọ́ kì í ṣe àìtó èdè.