Wọ́n ní áàpù ló pa bátìrì kẹ̀kẹ́ ẹ̀

Ẹni tó bá ti ra fóònù àlòkù l'Ékòó rí mọ ohun tí wọ́n ń pè ní wárántì dáadáa. Kó o tàn án wò níwájú ṣọ́ọ̀bù ni wárántì. Bó o bá ti sọdá títì báyìí, ìwọ àti orí ẹ ló kù. Irú ọkàn yìí ni arákùnrin kan, ọmọ Òṣogbo tó ti pẹ́ ní London, gbé lọ bá àwọn tó ta kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fún un lọ́dún 2024, òun ló sì fà á tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dídùn lé e padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Iṣẹ́ alẹ́ ni arákùnrin yìí ń ṣe, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀ kó tó débẹ̀, bí ọ̀kan bá sì ti pẹ́, á di pé kó máa bẹ ọ̀gá. Nígbà tó sú u, ó tu owó jọ, ó ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ní oṣù kẹwàá, ọdún 2023, pọ́n-ùn 1,400. Kì í ṣe ọ̀kadà o. Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń fẹsẹ̀ wà ni, àmọ́ ó ní ẹ́ńjìnnì kékeré tó máa ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní agbára ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kò gbọ́dọ̀ ju 250 watt lọ, bí kẹ̀kẹ́ bá sì ti ń sá tó máìlì 15.5 láàárín wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dákẹ́, kó ku ẹsẹ̀ nìkan. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mọ́tò ni lójú òfin: ó ní láti gba nọ́ńbà, láìsẹ́ǹsì àti ìnṣọ́ránsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọlọ́pàá lè gbé e lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ áàpù ti wọlé.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Nígbà tó di oṣù kejì, ọdún 2024, bátìrì tó máa ń gbé e lọ gbé e bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà. Ìlà mẹ́ta á ṣì wà lójú ẹ̀, àmọ́ bó bá ti kan òkè báyìí, pàà, ó ti kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti kẹ̀kẹ́ tó wúwo tó kílò 25 nínú òtútù délé, òógùn ń bọ́ lára ẹ̀ bíi ti ẹni tó ń roko. Ó kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru òtútù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jayò pa, torí òtútù máa ń dín agbára bátìrì lithium kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òtútù kì í pa á lójijì báyẹn.

Ọmọ Gánà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi áàpù kan hàn án. Kì í ṣe áàpù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà ṣe. Tiwọn, ìlà márùn-ún péré ló ń fi han èèyàn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọmọ Gánà yìí gba Bluetooth wọ inú bátìrì lọ, ó sì tú àṣírí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Bátìrì 36 volt kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n tò tẹ̀léra wọn, tí kálukú ń mú bíi volt 3.6 wá, bí wọ́n bá yó, ọ̀kọ̀ọ̀kan á dé 4.2. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án nínú bátìrì arákùnrin yìí wà ní 3.9. Ọ̀kan tó kù, ìyẹn ìkeje, wà ní 3.1. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń ṣọ́ inú bátìrì. Bó bá ti rí i pé ẹgbẹ́ kan fẹ́ gbẹ tán, á pa gbogbo ẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Ọ̀kan ló ń ṣàìsàn, àwọn mẹ́sàn-án wá ń bá a sùn.

Inú arákùnrin wa dùn pé ọwọ́ òun ti ba ẹ̀rí. Ó ya àwòrán ojú fóònù, ó fi í ránṣẹ́ sáwọn tó ta kẹ̀kẹ́ fún un. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èsì tí wọ́n fọ̀ fún un ò ju ìlà mélòó kan lọ. Wọ́n ní áàpù tó wà nínú àwòrán yẹn kì í ṣe tàwọn. Wọ́n ní ó wà nínú ìwé wárántì, ojú ìwé kọkànlá, pé ẹni tó bá fi áàpù ẹlòmíì wọ inú kẹ̀kẹ́ àwọn, wárántì ẹ̀ ti pin. Bó bá fẹ́ bátìrì tuntun, pọ́n-ùn 450 ni. Wọ́n wá fi ìbéèrè kan sí i nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń ṣeré: ṣé kì í fi kẹ̀kẹ́ ọ̀hún gbé oúnjẹ kiri gbowó?

Ìbéèrè ẹ̀tàn nìyẹn o. Òfin oníbàárà ti ọdún 2015 níbẹ̀, ẹni tó ra ọjà fún ìlò ara ẹ̀ ló wà fún. Ẹni tó bá ra kẹ̀kẹ́ láti fi ṣòwò, òfin mìíràn ló bá a wí, ọ̀pọ̀ ìwé wárántì ni kì í sì í fẹ́ gbọ́ tiẹ̀ rárá. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń fi kẹ̀kẹ́ gbé pizza kiri London, ẹ lọ yẹ ìwé yín wò. Ti arákùnrin yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fi kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ni, kò fi kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́. Bó ṣe dá wọn lóhùn nìyẹn.

Kí wá ni áàpù ṣẹ̀ wọ́n? Ká sòótọ́, kì í ṣe gbogbo áàpù lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìjánu tí òfin fi sẹ́nu kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tú, tí kẹ̀kẹ́ á wá máa sá bí ẹṣin tó rí kìnnìún. Ẹni tó bá ṣe ìyẹn, bátìrì ẹ̀ á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, bó bá sì kú, kí ló fẹ́ wí? Àmọ́ àwọn áàpù mìíràn, kí wọ́n ka ohun tó wà nínú bátìrì fún olówó ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wọn. Ojú kan náà làwọn tó ń tajà fi ń wo méjèèjì, torí ìyẹn rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju kí wọ́n ṣí bátìrì wò lọ.

Áàpù àjèjì sì ti gba èèyàn là rí. Ní oṣù keje, ọdún 2023, ilé iṣẹ́ VanMoof ní Netherlands, tó ń ta kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fáráyé, wọko gbèsè, ilé ẹjọ́ sì kéde pé ó ti kógbá wọlé. Fóònù làwọn oníbàárà wọn fi ń ṣí kẹ̀kẹ́, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ sì ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ti ń wá. Àyà wọn já pé lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà ọ̀hún bá kú, irin lásán ló máa kù sáwọn lọ́wọ́. Ta ló gbà wọ́n? Ilé iṣẹ́ Cowboy ní Belgium, tí wọ́n jọ ń du ọjà, ló sáré ṣe áàpù kan tí wọ́n pè ní Bikey, tó ń bá wọn kó kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún sórí fóònù ara wọn.

Pọ́n-ùn 450 kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ní ìbejì nílé. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń dààmú sí? Bọ̀bọ́ kan wà tó máa tú u, á pààrọ̀ èyí tó kú, ọgọ́fà pọ́n-ùn péré." Ọkùnrin yìí ti yọ bátìrì, ó ti fi í sínú báàgì, kí ìyàwó ẹ̀ tó gbọ́. Ìyàwó dínà mọ́ ọn. "Bàbá Ìbejì, àjà karùn-ún la wà o. Ẹnu ọ̀nà ni kẹ̀kẹ́ yẹn ń sùn. Bó bá gbiná lóru, ibo lẹ fẹ́ káwọn ọmọ gbà?" Obìnrin yẹn ò ṣàsọdùn. Lọ́dún 2023 nìkan, iná kẹ̀kẹ́ oníbátìrì táwọn panápaná London lọ pa lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní New York, èèyàn 18 ni iná bátìrì lithium pa lọ́dún yẹn kan náà. Bátìrì tí wọ́n tú tí wọ́n tún dì, àti ṣájà tí kì í ṣe tiẹ̀, wà lára ohun táwọn panápaná ń kìlọ̀ fún aráàlú lé lórí. Ọkọ gbé báàgì sílẹ̀. Ó padà sínú bọ́ọ̀sì méjì.

Ìyàwó yìí náà ló ní kó lọ sí Citizens Advice, níbi tí wọ́n ti ń gba èèyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí látọjọ́ tó ti ń rajà: pé wárántì lọ́tọ̀, òfin lọ́tọ̀. Wárántì, ìlérí tí ilé iṣẹ́ fẹnu ara ẹ̀ ṣe ni. Òfin ní tiẹ̀, ẹni tó ta ọjà gan-an ló dì mú, kò sì sí ohun tó lè kọ sójú ìwé kọkànlá tó máa pa òfin yẹn rẹ́. Bí àbùkù bá yọ lára ọjà láàárín oṣù mẹ́fà, òfin gbà pé ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e fún oníbàárà, àfi bí ẹni tó tà á bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni ẹrù ẹ̀rí máa ń bọ́ sọ́rùn ẹni tó rà á. Arákùnrin wa ò tíì lo kẹ̀kẹ́ yẹn pé oṣù márùn-ún nígbà tó kọ̀wé àkọ́kọ́. Àwọn tó ń bi í pé ta ló ní kó lo áàpù, àwọn gan-an ló yẹ kó wá fi hàn pé áàpù ló pa bátìrì.

Ó kọ lẹ́tà tuntun. Kò bú wọn. Ó kàn bi wọ́n léèrè pé iná tó ń jáde lára bátìrì, ṣebí bó ṣe ń gba ara ẹgbẹ́ kìíní náà ló ń gba ara ìkẹwàá, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n tò wọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn? Bó bá wá jẹ́ pé áàpù ló mú kẹ̀kẹ́ sá eré àsápajúdé tó fi fa iná jù, kí ló dé tí gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ò rẹ̀ pọ̀? Kí ló dé tó jẹ́ ìkeje nìkan ló dákú? Ó ní kí wọ́n wá gbé bátìrì lọ, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Ó fún wọn lọ́jọ́ 14. Bí ìyẹn bá kọjá, ó di ilé ẹjọ́ kékeré tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò bá ju pọ́n-ùn 10,000 lọ, níbi tí èèyàn lè dá sọ tẹnu ẹ̀ láì gba lọ́yà.

Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n fèsì. Wọn ò ní àwọn jẹ̀bi o. Wọ́n ní nítorí àjọṣe rere, àwọn á fún un ní bátìrì mìíràn, bó bá lè fọwọ́ sí ìwé kan pé òun ò ní gbé áàpù ẹlòmíì sórí kẹ̀kẹ́ àwọn mọ́, àti pé bó bá tún bàjẹ́, òun ò ní bá ẹnikẹ́ni rojọ́. Ìyàwó ẹ̀ ní kó fọwọ́ sí i kí wọ́n sinmi. Ó kọ̀. Ó fi bírò fa ìlà gba orí gbogbo ẹ̀, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun gba bátìrì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ òun lábẹ́ òfin ọdún 2015, ó buwọ́ lu ìyẹn, ó dá a padà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàwó ti ń wò ó sùn-ùn. Lọ́sẹ̀ kejì, páálí kan dé sẹ́nu ọ̀nà, bátìrì tuntun ló wà nínú ẹ̀, kò sí lẹ́tà, kò sí ẹ kú iṣẹ́.

Bó ṣe gbé e sára kẹ̀kẹ́ báyìí, áàpù ọmọ Gánà yẹn ló kọ́kọ́ ṣí. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà ní 3.7. Ó ya àwòrán ẹ̀, ó kọ déètì sí i. Kò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.