Àgùntàn onírù eku àti owó gírátúítì Àǹtí mi

Ẹ fa àga jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ṣé ẹ rántí fídíò tí mo gbé síbí lóṣù tó kọjá, níbi tí mo ti ń fún wàrà àgùntàn, tí àgùntàn sì ta mí nípàá? Fídíò yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àríwá Jámánì ni mo ti ń ka másítàsì mi. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń lọ ṣiṣẹ́ lóko tọkọtaya àgbà kan ní Ostfriesland, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́bàá Òkun Àríwá. Àgùntàn 11 péré ni wọ́n ní. Ibẹ̀ gan-an ni irú àgùntàn yìí ti ṣẹ̀ wá, orúkọ ibẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pè é: Ostfriesisches Milchschaf, ìyẹn àgùntàn oníwàrà ti Ostfriesland.

Ẹran ńlá ni o. Funfun ni, etí rẹ̀ gùn, kò níwo rárá, ì báà ṣe akọ ì báà ṣe abo. Irun rẹ̀ nípọn lára, àmọ́ ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ìrù rẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó rí tínínrín, kò sí irun tó nípọn kankan lórí rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní ìrù eku, irọ́ kọ́.

Wàrà ńkọ́? Abo kan lè fúnni ní nǹkan bíi lítà 300 sí 600 láti ìgbà tó bá bímọ títí ọmú rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ìbejì ló sábà máa ń bí, ìbẹta kì í sì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wàrà náà ki gan-an. Ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi 6 nínú 100, nígbà tí ti màlúù jẹ́ bíi 4, ìdí nìyẹn tí lítà kan rẹ̀ fi ń di wàràkàṣì tó pọ̀ ju ti màlúù lọ. Ìyá olóko ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún un. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa ara wọn kó gbóná, torí àgùntàn kì í sọ wàrà kalẹ̀ fún ọwọ́ tútù. Mi ò gbọ́, ni mo bá jẹ ìpá.

Èmi aláṣejù wá kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé: "Ẹ wo owó tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn."

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, rí i ní Ìbàdàn. Tíṣà ni wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ó tó ọdún 4 kí wọ́n tó rí owó gírátúítì wọn gbà. Láàárọ̀ kùtù ni wọ́n pè mí: "Ọmọ mi, mo ti rí ohun tí mo máa fi owó mi ṣe." Wọ́n ti rí ẹnì kan tó lóun máa bá wọn kó àgùntàn 10 wọlé láti Yúróòpù, kí wọ́n sáà ti san ìdajì owó kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo rí i pé àwọn ò rẹ́rìn-ín ni inú mi bàjẹ́.

Mo lọ bi ìyá olóko. Wọn ò dá mi lóhùn. Ìbéèrè ni wọ́n fi dáhùn: "Báwo ni ooru yín ṣe ń mú tó?"

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Láyé àtijọ́, ẹyọ kan tàbí méjì ni ìdílé máa ń sìn lẹ́yìnkùlé láti rí wàrà mu. Koríko tútù ló mọ̀, afẹ́fẹ́ òkun ló mọ̀. Tí ooru bá mú un, tàbí tí wọ́n bá kó o jọ rẹpẹtẹ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni àìsàn kọ́kọ́ máa ń bá jà, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì máa ń kú jù. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní Ísírẹ́lì, ooru ibẹ̀ ò bá a lára mu. Wọ́n wá mú un gùn pọ̀ mọ́ Awassi, àgùntàn ilẹ̀ ibẹ̀ tí ìrù rẹ̀ kún fún ọ̀rá, títí wọ́n fi rí èyí tí wọ́n ń pè ní Assaf. Ìpín 3 nínú 8 ẹ̀jẹ̀ Assaf ló wá láti Jámánì, 5 tó kù jẹ́ ti Awassi. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn o, àwọn onímọ̀ ló ṣe é, kì í ṣe gírátúítì tíṣà kan.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu: ìgbà tí ọ̀sán bá ń kúrú sí i, tí òtútù ń bọ̀, ni abo máa ń gba akọ. Ní Ìbàdàn ńkọ́, níbi tí ọ̀sán ò ti fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ látọdún dọ́dún? Ká má tíì sọ ti eṣinṣin tsetse. Àgùntàn kúkúrú ilé wa lè fara da àìsàn tí eṣinṣin yẹn ń kó bá ẹran, àlejò láti Ostfriesland ò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, wàrà tiwa kò ju èyí tí ọmọ rẹ̀ máa mu lọ. Kò sẹ́ni tó sìn ín torí wàrà rí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí mi. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní: "Torí pé o ti dé òkè òkun, o rò pé nǹkan tó dáa ò tọ́ sí àwa tá a wà nílé, àbí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Èmi náà ni mo ṣáà kọ ọ́ pé owó ló ń rìn. Mo lọ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lábẹ́ fídíò, mo ka gbogbo àlàyé yìí sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lóhùn, ìṣẹ́jú 14. Ọjọ́ Ẹtì kọjá, wọn ò fèsì. Sátidé, mo fún wàrà, ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Àná ni fọ́tò wọlé. Abo àgùntàn ilé méjì, kúkúrú bẹ́ńbẹ́, wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mi ò sanwó fún ọkùnrin yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ti lóyún. Tó o bá délé, wá fún un wò."