Ọjọ́ Méje ní Kúbà: Bí A Ṣe Pín In

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá ń lé eku méjì yóò pòfo. Òwe yìí ni mo fi ń kí ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń dá àjọ nítorí àtirìn àjò. Owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà kí wọ́n tó lọ sí òkè òkun. Wọn kì í ka wákàtí. Bẹ́ẹ̀ owó tí ó tán ṣe é wá padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá parí sórí ìjókòó mọ́tò, ó parí náà nìyẹn.

Kúbà ni èmi àti ìyàwó mi ń múra láti lọ ní ìsinmi Àjíǹde tí ń bọ̀. Ọdún mẹ́rin ni a fi dá àjọ rẹ̀, èmi láti inú owó oṣù mi, òun láti inú èrè aṣọ tí ó ń tà. Ọjọ́ méje péré ni owó náà ká. Ìdí tí a fi yan Kúbà kò ṣòro. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun sì da ilẹ̀ wa rú ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn wa ni a kó lẹ́rú lọ sí oko ìrèké níbẹ̀. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó di ọdún 1886 kí òfin tó pa oko ẹrú rẹ́ ní Kúbà. Títí di òní, nínú orin òrìṣà wọn, omi ni omi, ilé ni ilé, ìyá ni ìyá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní obì, àgbọn ni wọ́n ń sọ, nítorí àgbọn ni wọ́n rí lò níbi tí wọn kò ti rí obì.

Erékùṣù náà gùn ju bí ènìyàn ti ń rò lọ. Láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì tó kìlómítà 1,250. Ó ju ọ̀nà Èkó sí Kánò lọ. Mo na òwú sórí máàpù gẹ́gẹ́ bí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo ni ìyàwó mi, ìyá ìyá rẹ̀ sì bọ Ọ̀ṣun títí ó fi kú. Ibi tí ọkàn rẹ̀ fà sí ni El Cobre, lẹ́bàá ìlú Santiago ní ìlà-oòrùn. Ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Ìyá Àánú wà níbẹ̀, ẹni tí Póòpù fi ṣe alábòójútó Kúbà ní 1916. Ọ̀ṣun ni àwọn ọmọ Lùkùmí sì mọ̀ ọ́n sí. Èmi ní tèmi, Matanzas ni mo fẹ́ dé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, 1843, àwọn ẹrú oko ìrèké Triunvirato ní agbègbè ibẹ̀ dìde sí àwọn olówó wọn. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Carlota, tí a mọ̀ sí Lùkùmí, wà lára àwọn tí ó ṣáájú wọn, wọ́n sì pa á. Nígbà tí Kúbà rán ọmọ ogun lọ sí Àǹgólà ní 1975, orúkọ obìnrin yìí ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ ogun náà. Kò sí ìwé ìtàn kan tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi tẹ ibẹ̀ kí n tó sọ ọ́ fún wọn.

Ìyàwó mi mú pẹ́ńsù, ó ṣírò o bí ẹni ń ṣírò ọjà. Havana sí Santiago fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 870. Mọ́tò èrò a máa lò tó wákàtí 15. Ó ní, “Bàbá Táyọ̀, ọjọ́ kan ní àlọ, ọjọ́ kan ní àbọ̀. Ta ní í ra ọjà tí owó mọ́tò yóò ju owó ọjà lọ? Ẹ jẹ́ kí a fi Santiago sílẹ̀ ná.” Mo ní kí a kúkú fi Matanzas sílẹ̀, ó kọ̀. Ó ní Matanzas wà lójú ọ̀nà, Santiago kò sí. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ná an.

Báyìí ni a ṣe wá pín ọjọ́ méje náà. Ọjọ́ kìn-ín-ní, a ó dé Havana, a ó sùn, a kò ní lọ síbi kankan, nítorí kò sí ọkọ̀ òfurufú tí ń gbéra tààrà láti ilẹ̀ wa dé ibẹ̀, ara yóò sì ti rẹ̀ wá. Ọjọ́ kejì, a ó rin ìlú àtijọ́ láàárọ̀, a ó sì yà sí ilé ẹgbẹ́ àṣà Yorùbá tí ó wà ní òpópó Prado, níbi tí ère àwọn òrìṣà wà. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi yóò ti kí Ọ̀ṣun rẹ̀. Lọ́sàn-án, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Regla láti wo ṣọ́ọ̀ṣì Màríà dúdú, ẹni tí àwọn ọmọ Lùkùmí ń pè ní Yemọja.

Ọjọ́ kẹta, a ó lọ sí Matanzas, tí kò ju bí 100 kìlómítà lọ. Ìlú onílù bàtá ni. Ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lù pọ̀, ìyá sì ni wọ́n ń pe èyí tí ó tóbi jù. Ọjọ́ kẹrin ni ti Triunvirato. Ọjọ́ karùn-ún, a ó lọ sí Trinidad, ìlú tí a tẹ̀dó ní 1514. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún erékùṣù Trinidad, orílẹ̀-èdè mìíràn nìyẹn. Ọjọ́ kẹfà, a ó wọ àfonífojì tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀, níbi tí ilé ìfún-ìrèké tí ó ju 50 lọ ti ṣiṣẹ́ rí. Ilé ìṣọ́ kan ṣì dúró níbẹ̀, ní Manaca Iznaga, gíga rẹ̀ tó mítà 45. Láti òkè rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn ẹrú, agogo rẹ̀ ni ó sì ń lé wọn lọ sí oko. A ó gùn ún. Ọjọ́ keje, a ó padà sí Havana. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọkọ̀ wa yóò gbéra. Ẹ má ṣe fi ìrìn ọ̀nà jíjìn sí ọjọ́ tí ẹ ó wọ ọkọ̀ òfurufú láé.

Ó ku ìmọ̀ràn díẹ̀. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kọkànlá ni ìjì líle ń jà lágbègbè náà, nítorí náà ni a kò ṣe lo ìsinmi gígùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù Kẹsàn-án ni ọdún Regla àti ti El Cobre. Ẹ gba yẹ́lò káàdì, físà Kúbà, àti ìwé adójútòfò fún àìsàn; ẹni tí yóò bá sì gba Spéìn tàbí Faransé kọjá, kí ó béèrè físà ìkọjá. Dípò òtẹ́ẹ̀lì, a ó wọ̀ sí ilé àwọn ará ìlú tí ìjọba fún ní àṣẹ. Àmì kan tí ó jọ ìdákọ̀ró wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Káàdì báńkì Amẹ́ríkà kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, owó Yúrò ni a ó mú dání. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi owó tí ń jẹ́ CUC ṣẹ́ owó fún yín, ẹ sá fún un. Wọ́n ti pa á rẹ́ ní 2021.

Ọ̀rọ̀ iná àti epo kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní oṣù Kẹwàá, 2024, gbogbo erékùṣù náà ṣókùnkùn fún ọjọ́ mélòó kan, epo mọ́tò náà sì ti ń wọ́n. Abéèrè kì í ṣìnà: kí a tó san owó ọkọ̀, a ó tẹ onílé tí a fẹ́ wọ̀ sí láago láti mọ̀ bóyá mọ́tò ń rìn. Bí ìròyìn náà kò bá dára, a ó sún ìrìn àjò náà síwájú. Owó àjọ kì í jẹrà. Ìyàwó mi sì ti bẹ̀rẹ̀ àjọ mìíràn lọ́jà, ó kọ Santiago sí ara ìwé rẹ̀. Bí a bá lọ tí a sì bọ̀ ní àlàáfíà, n ó kọ ìyókù sí yín lójú ìwé yìí.