Ọ̀yọ́ Inú Fíìmù, Kétu Inú Ìtàn

Ikpinlè,
Adja-Ouèrè.

Àdùkẹ́, ọmọ àbúrò mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì gbọ́ ọ dé ìparí. O ní àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan ní Abomey-Calavi ti wo fíìmù The Woman King, èyí tó sọ ìtàn àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń pè ọ́ ní "Ọ̀yọ́", pé àwọn bàbá ńlá rẹ ló ń gun ẹṣin wá kó àwọn bàbá ńlá tiwọn, àwọn Fọ̀n Dàhòmì, lọ tà fún òyìnbó. O ní ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń dùn ọ́. O wá bi mí bóyá irọ́ ni fíìmù náà pa. Ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tí ẹnu lè sọ tán lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Má tíì bínú. Tí a kò bá mọ ohun tí ojú Dàhòmì ti rí lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn eléré ilẹ̀ òkèèrè, a kò ní mọ ìdí tí inú àwọn èèyàn fi dùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí fíìmù yìí jáde ní 2022. Ní 1793, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Archibald Dalzel tẹ ìwé ìtàn Dàhòmì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣòwò ẹrú ni. Ó ti ṣe ọ̀gá rí ní ilé olódi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ouidah. Àkókò tí ìwé yẹn jáde gan-an ni àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jà fitafita kí òwò ẹrú dópin. Dalzel wá kọ ọ́ bí ẹni pé orí bíbẹ́ nìkan ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí ẹni tó bá kà á lè sọ pé, bí ilé wọn bá rí báyìí, àánú ni ẹni tó kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi ṣe fún wọn. Kì í ṣe pé ọba Dàhòmì kì í bẹ́rí o. Ó ń bẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwòrán tí Dalzel yà ní iṣẹ́ tí ó fẹ́ kó bá òun ṣe, ó sì ṣe é.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1893, wọ́n ṣe àfihàn àgbáyé ní Chicago. Ará Faransé kan, Xavier Pené, kó àwọn èèyàn lọ láti etíkun wa níbí, ó kọ́ abúlé kan fún wọn, ó pè é ní Abúlé Dàhòmì, àwọn èrò sì ń sanwó wọlé láti wo èèyàn bíi tiwọn. Inú bí Frederick Douglass, ẹni tó ti jẹ́ ẹrú rí kó tó di ẹni ńlá. Ó ní ńṣe ni wọ́n kó wọn wá kí ayé lè máa rí gbogbo aláwọ̀ dúdú bí ẹhànnà. (Ti àwọn ará Amẹ́ríkà tirẹ̀ ló ká a lára jù, àwọn tó wà nínú abúlé náà kò rí àánú púpọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.) Nígbà tó di 1894, San Francisco náà fẹ́ ṣe irú rẹ̀, àmọ́ àwọn ará Dàhòmì kò tètè dé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n háyà àwọn dúdú tó wà nítòsí kí wọ́n máa ṣe bí ará Dàhòmì. Méjì lára wọn ni Bert Williams àti George Walker, àwọn oníṣeré tó ń wá iṣẹ́ kiri. Àwọn méjèèjì yìí náà ló gbé eré olórin In Dahomey dé Broadway ní 1903; lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ṣe é níwájú ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dúdú ló kọ eré náà, dúdú ló kọ orin rẹ̀, dúdú ló ṣe é. Síbẹ̀ Williams, tó jẹ́ dúdú láti ọ̀run wá, ní láti fi ẹ̀dú kun ojú kí òyìnbó tó lè rẹ́rìn-ín.

Má jẹ́ kí n fi ìtàn pa ọ́. Jẹ́ kí n kàn fi ọ̀kan sí i: ní 1987, Werner Herzog gbé fíìmù Cobra Verde jáde láti inú ìwé ìtàn àròsọ tí Bruce Chatwin kọ. Níbẹ̀, òyìnbó kan, Klaus Kinski, ló kó àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì jọ, tó ń pariwo mọ́ wọn, tó ń kọ́ wọn ní ogun jíjà. Ogun tí ìyá àwọn ìyá wọn ti ń jà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Herzog!

O rí i nígbà náà pé nígbà tí Viola Davis dìde láàárín koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ The Woman King, tí àwọn obìnrin yòókù dìde lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sí òyìnbó tó ń pàṣẹ fún wọn, ohun tí àwọn èèyàn ti ń retí láti ọdún gbọọrọ ni wọ́n rí. Èmi náà jókòó dáadáa. Ní Kútọnu, wọ́n ti ṣí ère obìnrin jagunjagun tó ga tó mítà 30 ní oṣù Keje ọdún yẹn, kí fíìmù náà tó jáde. Ìgbà náà tuni lára.

Ṣùgbọ́n eré ogun kò lè wà láìní ọ̀tá, ẹni tí Gina Prince-Bythewood tó darí eré náà sì fi ṣe ọ̀tá ni àwa. Ọ̀yọ́ ló ń kó èèyàn, Ọ̀yọ́ ló ń fipá bá obìnrin lò, Ọ̀yọ́ ló bá oníṣòwò ará Brazil dòwò pọ̀. Ó ní òótọ́ nínú. Dàhòmì san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún, Ghezo, ọba Dàhòmì, ló sì bọ́ àjàgà náà ní nǹkan bí 1823, ọdún tí fíìmù náà dúró lé. Ọ̀yọ́ ń gun ẹṣin. Ọ̀yọ́ ń ta èèyàn, ó tà wọ́n púpọ̀. Àmọ́ ní 1823, iná ti ń jó lórí òrùlé Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀: Àfọ̀njá ti ya Ìlọrin sọ́tọ̀, ilé ti ń dàrú. Ghezo tí fíìmù náà fi hàn bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń bàjẹ́ nítorí òwò ẹrú, oníṣòwò ẹrú ará Brazil, Francisco Félix de Souza, ló ràn án lọ́wọ́ tó fi gorí ìtẹ́ ní 1818. Ghezo wá fi í joyè Chacha ní Ouidah. Nínú fíìmù, wọ́n pa ará Brazil náà. Ní ayé, ọjọ́ ogbó ni de Souza kú sí, ní 1849, pẹ̀lú ọlá, àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ṣì wà ní Ouidah di òní. Ìgbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun mọ́ Ghezo ló tó fọwọ́ sí ìwé ní 1852 pé òun yóò fi òwò náà sílẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi tún padà sí i.

Àwọn obìnrin jagunjagun yẹn náà ńkọ́? Ní oṣù Kẹta 1851, wọ́n wà lára àwọn tó kọlu Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá sì lé wọn. Ní 1864 wọ́n tún lọ, wọ́n tún sá. Ní 1886, wọ́n dé Kétu. Kétu kò lè lé wọn. Wọ́n dó tì í títí ebi fi wọ inú odi, wọ́n jó o, wọ́n sì kó ẹni tó ṣẹ́kù lọ sí Àgbómẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Bóyá bàbá rẹ kò sọ fún ọ rí, torí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá tó bí ìyá bàbá wa wà lára àwọn tí wọ́n kó ní Kétu. Inú oko ọ̀pẹ ọba ni wọ́n fi í sí. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì, ni àwọn ará Kétu tó rí ọ̀nà padà sílé, nígbà tó sì ń bọ̀, ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó jẹ́ pé Fọ̀n ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn yẹn ni ìyá bàbá wa. Ọkọ ló gbé e wá sí Ikpinlè níbí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó máa ń ka owó ní Fọ̀n nígbà tí inú bá ń bí i, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun nípa bàbá òun.

Nítorí náà, nígbà tí fíìmù dé ibi tí Nanisca, ọ̀gágun obìnrin tí Viola Davis ṣe, ti ń rọ Ghezo pé kó fi èèyàn títà sílẹ̀, kó máa ta epo pupa, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn. Fíìmù náà mú un dà bí ẹni pé epo ń ti inú ọ̀pẹ ṣàn wá fúnra rẹ̀. Ìwọ tí o dàgbà síbí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. O mọ bí àwọn ìyá rẹ ti ń kó ẹyìn jọ, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n ń da omi lé e, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá epo tó léfòó, tí wọ́n tún wá gbé e kaná lórí ihá tó ń rú èéfín sí wọn lójú. Ta ni fíìmù náà rò pé ó ń ṣe gbogbo èyí fún ọba? Àwọn tí wọ́n kó lójú ogun ni. Bí òwò epo ṣe ń gbilẹ̀ ní Àgbómẹ̀ ni wọ́n ń wá ọwọ́ sí i, ọwọ́ Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, sì pọ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan, mo bá àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń bá èèyàn gbé fíìmù sínú fóònù. Wọ́n kórí jọ sórí fóònù kan ṣoṣo, ẹ̀dà The Woman King tó ń sọ Faransé ni wọ́n ń wò. Ọmọ Nàgó ni wọ́n, mo mọ bàbá gbogbo wọn. Nígbà tí Nanisca pa Oba Ade, ọ̀gágun Ọ̀yọ́, wọ́n hó yèè. Mo bi èyí tó kéré jù nínú wọn pé, "Ta ni wọ́n pa yẹn?" Kò gbé ojú kúrò lára fóònù. Ó ní, "Àwọn burúkú ni, Bàbá."

Mi ò bá a wí. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ fún un nìyẹn. Nanisca ní orúkọ, ó ní ọ̀rẹ́, ó ní ẹkún, ó ní àṣírí. Nínú gbogbo Ọ̀yọ́, àfi Oba Ade nìkan ló ní orúkọ tí ọmọdé lè rántí, ibi nìkan ló sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí kò lórúkọ nínú eré, kò sí ẹni tó ń sunkún rẹ̀. Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé John Boyega tó ṣe Ghezo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Angélique Kidjo náà kópa díẹ̀ nínú rẹ̀. Fọ̀n ará Ouidah ni bàbá rẹ̀, Yorùbá sì ni ìyá rẹ̀. Àní Nawi, ọmọbìnrin tí a ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára rẹ̀, torí Oba Ade ni bàbá rẹ̀. Fíìmù náà ní ọmọ tó ti inú ìlú méjì jáde lọ́wọ́, kò sì mọ ohun mìíràn tó lè fi í ṣe ju kó fi ṣe ẹ̀rí ìwà ìkà lọ. Èyí ni mo ka sí àṣìṣe rẹ̀ tó tóbi jù, ó tóbi ju ti ọdún àti ti ogun lọ.

Kí á má sì ṣe bí ẹni pé ọwọ́ tiwa mọ́. Wo àwọn fíìmù Yorùbá tó ń ti Èkó wọlé sí ilé wa. Nígbà mélòó ni o rí Ègùn tàbí ọmọ Kútọnu níbẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tí Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká, tí ọ̀gá rẹ̀ kò gbá létí káwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín? Tí àwa fúnra wa bá sọdá ẹnubodè ní Ìdíìrókò, ọmọ Kútọnu náà ni wọ́n ń pè wá, àwa tó jẹ́ pé Yorùbá la fi sunkún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ń dùn wá. Àwa náà tún délé, a wá ń fi àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá bíi tiwa, ṣẹ̀fẹ̀, pé wọn ò lajú, pé inú ẹrẹ̀ dúdú ni wọ́n ń gbé. O mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀? Nígbà ogun 1914 sí 1918, Faransé fẹ́ owó orí, ó sì fẹ́ ọmọkùnrin tí yóò kó lọ sójú ogun. Ọ̀họ̀rí kọ̀, wọ́n jà. Faransé wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹhànnà ni wọ́n. Iṣẹ́ Dalzel náà nìyẹn. Faransé ti lọ, àwa la ṣì ń bá a jíṣẹ́ náà fún àwọn Ọ̀họ̀rí ará Massè tó jẹ́ pé kọ́múùnù kan náà la jọ wà.

Tí o bá ráyè, wá fíìmù Dahomey ti Mati Diop, èyí tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Berlin ní 2024. Ó sọ nípa àwọn ohun ọba 26 tí Faransé dá padà ní oṣù Kọkànlá 2021, ó sì gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá sí yunifásítì yín gan-an. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jiyàn, èrò wọn kò ṣọ̀kan, kò sì sí ẹni tó fipá ṣọ̀kan rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Viola Davis lọ, bí kò tilẹ̀ sí ẹṣin níbẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ yàrá rẹ, má bá wọn jà. Sọ ìtàn Kétu fún wọn, kí o sì sọ ti ìyá bàbá wa mọ́ ọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé Fọ̀n wà nínú "Ọ̀yọ́" tí wọ́n ń pè. Má sì bo ẹrú tí Ọ̀yọ́ tà mọ́lẹ̀. Tí o bá bò ó, wọn ò ní gba ìyókù gbọ́.

Mo gbọ́ pé o fẹ́ kọ eré fún ẹgbẹ́ oníṣeré yín. Tí o bá kọ ti Kétu, fún ọkùnrin Fọ̀n inú oko ọ̀pẹ yẹn, bàbá ìyá bàbá wa, ní orúkọ, kí o sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Bí o bá ti parí ìran àkọ́kọ́, fi ránṣẹ́ sí mi kí n kà á kí o tó fi han ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o máa jẹun.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Bàbá Ikpinlè.